Wọ́n Ní Ó Jẹ́ńtù

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi nípa ọmọkùnrin tí ọmọbìnrin mi fẹ́ fẹ́: wọ́n ní ó jẹ́ńtù. Mo bi ìyàwó pásítọ̀ tó mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó ní ó jẹ́ńtù. Mo bi ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní ọjà Wuye, tí òun àti ìyá ọmọ náà ti jọ gbé àdúgbò kan náà rí, ó ní, "Ìyẹn kẹ̀? Ọmọ jẹ́ńtù ni." Mo bi mài-gadì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tó ń gbé. Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò sì gbọ́ Hausa ju èyí tí mo fi ń ra tòmátì lọ, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Kai, Hajiya, gentle man ne." Nígbà tí mo fi máa délé, inú ti ń bí mi.

Ọmọbìnrin mi ní kí ló tún ń bí mi nínú. "Mọ́mì, everybody said he's gentle. Ṣebí ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn?"

Mo ní kì í ṣe ohun tí mo bèèrè nìyẹn. Mo bèèrè irú ènìyàn tó jẹ́, wọ́n ń sọ fún mi bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ tó.

Ẹni tó bá mọ àṣà wa mọ̀ pé a kì í fi ọmọ fọ́kọ láìwádìí. Ní ìlú wa ní Èkìtì, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, iṣẹ́ yìí kò le. Wọ́n á rán àgbà méjì lọ sí agboolé ọkọ, wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ obì, wọ́n á sì bèèrè bóyá àrùn burúkú wà nínú ẹbí náà, bóyá wọ́n máa ń jalè, bóyá wọ́n máa ń na ìyàwó. Kò sí irọ́ tó lè pẹ́ níbẹ̀, nítorí gbogbo ènìyàn ló mọ gbogbo ènìyàn. Abuja ńkọ́? Ta ló mọ bàbá ta ní Abuja? Gbogbo wa la di ẹrù wá síbí, oníkálukú sì fi ohun tí kò wù ú sílẹ̀ nílé. Èèyàn lè bá ọ gbé ilé kan náà fún ọdún gbọọrọ, kí o má mọ̀ ju nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, sọ pé ìwádìí náà ti tó. Ohùn rẹ̀ kì í ga, kódà bí iná bá ń jó òrùlé. Ó ní, "Ìyá ọmọ, àwọn ènìyàn yìí fẹ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kí oṣù tó parí. Ìwọ lo ń wádìí. Bí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Bí o bá ní rárá, èmi fúnra mi ni màá pè wọ́n láti sọ pé rárá." Ó tún gbé ìwé ìròyìn rẹ̀. Bí ó ṣe gbé gbogbo ẹrù náà lé mi lórí nìyẹn, tó ń kàwé lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí sí mi lára. Òun náà, nígbà tí wọ́n wádìí ọkọ rẹ̀, wọ́n ní ó jẹ́ńtù, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ níta. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọkùnrin náà kò gbé ọwọ́ sókè sí i rí, kò sì bú u rí. Bí inú bá bí i, ńṣe ló máa ń dákẹ́. Ó lè dákẹ́ kí oṣù wọlé kó sì jáde. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, á jẹ ẹ́, á fọ ọwọ́, á dìde, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló gbé abọ́ náà wá síwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé òun bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ ní kíṣíìnì kí òun lè gbọ́ ohùn ènìyàn.

Nígbà tó kó ẹrù rẹ̀ padà wá sílé bàbá wa, àwọn àgbà pè é jókòó. Ṣé ó nà ọ́ ni? Ó ní rárá. Ṣé ó bú ọ ni? Rárá. Ṣé ebi ń pa ọ́? Rárá. Ṣé ó yàn ọ́ lódì ni? Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń kí òun níwájú àlejò, wọn kò sì jà. Wọ́n ní, kí ló wá ṣe fún ọ? Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Kò rí ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́. Èmi tí mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, títí ẹ̀gbọ́n bàbá wa fi ní kí n jáde. Wọ́n dá a padà sílé ọkọ, ibẹ̀ náà ló sì wà di òní. Bí ó bá pè mí lórí fóònù, mo ní láti lẹ etí mọ́ ọn kí n tó gbọ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọkọ ọmọ mi jẹ́ńtù, kó wá máa retí kí n rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Díkíṣọ́nárì ńlá kan wà ní yàrá àwa tíṣà, èyí tí a fi ń ti fèrèsé kí atẹ́gùn má baà gbá a. Lọ́jọ́ kan tí ara mi kò balẹ̀, mo yọ ọ́ lẹ́nu fèrèsé, mo ṣí i sí ọ̀rọ̀ náà, gentle, mo sì kà á ní ìdúró. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Kì í ṣe ìwà tútù ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ jẹ́. Inú èdè Látìn ló ti wá, lára ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìdílé, àwọn tí wọ́n jọ ti orírun kan wá. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kọjá, ó di orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ tí a bí sí ilé ọlá. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dé ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó pẹ́ kó tó di ìwà tí wọ́n rò pé ó yẹ ọmọ ilé ọlá. Nígbà tó yá, wọ́n fi ń pe ẹṣin tó gbà kí a gun òun, wọ́n fi ń pe afẹ́fẹ́ tí kò le, àti lónìí, ọṣẹ ọmọ tí kì í ta lójú.

Ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín ni ibi tí mo ti rí i pé àwọn tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Gentile, tí tiwa ń pè ní Kèfèrí, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Jẹ́ńtù àti Kèfèrí, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Mo sọ ọ́ sókè. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní Bíbélì wò mí láti orí tábìlì rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ."

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ìbéèrè tí mo ń bi gbogbo ènìyàn, pé ilé wo ni ọmọkùnrin yìí ti jáde, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń dáhùn nígbà tó ṣì kéré. Ó ti dàgbà báyìí, wọ́n sì ń fi í bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀. Tiwa kò sì sàn jù ú lọ. A ní pẹ̀lẹ́, a fi ń kí aláìsàn, a fi ń kí ẹni tó kọsẹ̀, a sì fi ń kí àlejò tí a kò mọ̀ rí. Sànnu ti àwọn Hausa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ní tútù. Omi tútù dára, ilé tútù dára. Ṣùgbọ́n bí ara ènìyàn bá tutù, ẹ lọ wo ohun tó ń ṣe é. Igi ìdáná tó tutù kì í jó, èéfín ló fi ń pa aláṣè. Ìyá mi a máa sọ fún mi pé ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi nìkan ló máa ń sọ ọ́ fún. Kò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi rí, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni jẹ́ńtù ilé wa. Èmi, láti kíṣíìnì mi ni wọ́n ti ń gbọ́ mi ní géètì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo pinnu pé ojú ara mi ni màá fi rí i. Nọ́ọ̀sì ni ọmọkùnrin náà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni kan ní Maitama. Kò tíì wá sílé wa, ó ń dúró de ọjọ́ tí àwọn ẹbí máa wá. Èmi ti rí fọ́tò rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn pé òun náà lè ti rí tèmi. Mo wé gèlè, mo fi awò dúdú sójú, mo sì lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Takisí já mi sílẹ̀ níbi tí kò yẹ, mo wá ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì tí ẹnikẹ́ni kì í fẹsẹ̀ rìn, tí àwọn tó ń ṣọ́ géètì àwọn ilé ńlá ń wò mí bí ẹni tó sọnù.

Mo sọ fún wọn ní ọsibítù pé orí ń fọ́ mi. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin náà fi jáde sí mi. Ó ní, "Ẹ káàsán, mà," ó sì wé aṣọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ mọ́ mi lápá. "Ẹ rọra máa mí, mà." Ọkùnrin kan tó sanra jókòó ní ìjókòó kejì, ó ń dúró de dókítà, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọmọ náà. Ó ní aláìmọ̀kan ni, ó ní ta ló gbà á síṣẹ́, ó dárúkọ ìyá tó bí i. Gbogbo wa la gbọ́. Ọmọ náà yíjú sí i, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pè yín." Ó yíjú padà sí apá mi.

Mo ń wo ojú rẹ̀ láti abẹ́ awò mi. Mo ń wá ìbínú níbẹ̀, n kò rí i. Ẹlòmíì á ní o ṣeun, Ọlọ́run, ọmọ rere lèyí. Ẹ̀rù ló bà mí. Ènìyàn ni, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n bú ìyá rẹ̀ níwájú àlejò; bí ìbínú náà kò bá sí lójú, ibo ló kó o sí? Ta ni yóò bá a níbi tó kó o pamọ́ sí lọ́jọ́ iwájú, bí kò ṣe ọmọ mi?

Ó ní, "BP yín ga díẹ̀, mà. Ṣé nǹkan kan ń dà yín láàmú?"

Mo ní kò sí.

Láti ọjọ́ náà n kò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Màá fọ ìkòkò, màá tún un fọ̀. Màá jókòó ti ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ máàkì, màá rí i pé mo ti ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì mọ̀ bóyá ọmọ náà gbà á tàbí kò gbà á. Mo ń dúró kí ọmọbìnrin mi sọ pé òun gbọ́ pé mo lọ sí Maitama. Kò sọ nǹkan kan. Ọkọ mi bi mí pé kí ni ká sọ fún wọn, oṣù ti ń lọ. Mo ní kó fún mi láàyè. Ó fún mi láàyè, ìyẹn náà tún bí mi nínú.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo sọ fún ọmọbìnrin mi pé kó múra, a ń lọ sí Orozo, ilé ìyá ọkọ rẹ̀. Ọkọ mi ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyàwó kì í lọ sílé ọkọ kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ, á dà bí ẹni pé à ń ta ọmọ kiri. Òótọ́ ló sọ. Mo lọ. Ọ̀nà jìn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tún wà ní Nyanya, ọmọbìnrin mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Jikwoyi. Ó ní, "Mọ́mì, please, ẹ má pariwo níbẹ̀." Mo ní n kì í pariwo. Dírẹ́bà takisí wò mí nínú dígí.

Iṣẹ́ télọ̀ ni ìyá ọmọkùnrin náà ń ṣe, opó ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ojú títì. Ọmọ náà gan-an la bá níwájú ilé, ó ń fọ mọ́tò. Nígbà tó rí mi, ó nu ọwọ́, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé orí yẹn ti fi yín sílẹ̀?"

Ọmọbìnrin mi ní, "Which orí?"

Mo ní, "O mọ̀ mí lọ́jọ́ náà?"

"Mo ti rí fọ́tò yín, mà."

"O ò sì sọ fún un?"

"Mo rò pé ẹ ò fẹ́ kó mọ̀ ni, mà."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò ní í purọ́, ẹ̀rù tún bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bò mí láṣìírí, ó ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè gbé irú ọ̀rọ̀ yìí mì, tó ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, tí kò pọ̀ ọ́ jáde, kí ni kò lè gbé mì?

Ìyá rẹ̀ kí wa dáadáa, ó kó aṣọ tó ń rán kúrò lórí àga, ó gbé omi àti ẹ̀pà sísun kalẹ̀. Ó jù mí lọ díẹ̀. Kò bi mí ohun tí mo wá ṣe. Ó ní, "Ó dáa bí ẹ ṣe wá, mà. Ẹ̀ ń wádìí wa, a gbọ́. Àwa náà wádìí yín."

Mo ní, "Kí ni wọ́n sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n ní bàbá jẹ́ńtù. Wọ́n ní ìyá ni kò jẹ́ńtù rárá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Kí n tó mọ̀, mo ti dìde. Àwọn ọmọdé tó ń pọnmi ní ìta yíjú sí wa. Mo gbọ́ ohùn ara mi bó ṣe lọ kan ògiri tó sì padà wá, mo sì jókòó.

Obìnrin náà kò bínú. Ó ní, "Kò bà mí lẹ́rù, mà. Ọkọ tèmi jẹ́ńtù. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. N kò fìgbà kan mọ ohun tó ń bí i nínú. Ó ṣàìsàn, kò sọ ibi tó ń dùn ún. Ó kú, n kò tíì mọ̀ títí di òní." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Èyí jọ ọ́. N kò lè tàn yín."

Nínú gbogbo àwọn tí mo wádìí lọ́wọ́ wọn, obìnrin yìí nìkan ló dá mi lóhùn. Ó sì jẹ́ ohun tí n kò fẹ́ gbọ́. Mo yíjú sí ọmọkùnrin náà. Mo ní, "Ọmọ mi, bí inú bá bí ọ, kí lo máa ń ṣe?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. A ń gbọ́ tí omi ń kán lára mọ́tò níta. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ náà, mo ti jókòó tì í rí nílé ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ bó ṣe máa ń wọ inú yàrá tó sì máa ń gba àga. Rárá ti wà lórí ahọ́n mi. Mo ń ronú bí màá ṣe sọ ọ́ tí obìnrin dáadáa yìí kò fi ní í sunkún.

Ọmọbìnrin mi ni ó sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì gbàdúrà, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí ìyá mi, Yorùbá tí kò ní Gẹ̀ẹ́sì nínú ló sọ, ó sì sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò fún ìṣẹ́jú kan pé èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. "Dá wọn lóhùn. Mo ti sọ fún ẹ. Má dákẹ́ mi. Tí o bá bínú, sọ ọ́, ká jà. Ṣùgbọ́n má dákẹ́ mi."

Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. A lè na ènìyàn, a lè bú ènìyàn, a kì í dákẹ́ ènìyàn. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá kọ ọ́ báyìí, ìlà pupa ló tọ́ sí i.

Ọmọkùnrin náà gbé orí sókè. "Mo máa ń dákẹ́, mà," ó ní. "Ọmọ yín ni kì í gbà fún mi. Ó máa ń pariwo lé mi lórí títí màá fi sọ ọ́."

"Kí ló bí ọ nínú gbẹ̀yìn?"

Ọmọ mi ṣì ń wò ó. "Ẹ̀yin, mà. Bí ẹ ṣe wá ṣọ́ mi níbi iṣẹ́. Ó dùn mí gan-an. Ẹ lè pè mí, kí ẹ bi mí."

Ìyá rẹ̀ ní, "Yé," ó sì bo ẹnu. Èmi ní tèmi, mo rí ìbínú náà lójú rẹ̀, kedere, ó wà níbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n mú ọjọ́ tí wọ́n máa wá, ọkọ mi á gbà.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa dúró ní Nyanya, ọmọbìnrin mi ti sùn sí mi léjìká. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo lẹ etí mọ́ fóònù. Mo sọ fún un pé ìgbéyàwó máa wáyé, ó sì kí mi kú oríire ní ohùn rẹ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ròyìn ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún un, pé ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó má dákẹ́ òun. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín sí Yorùbá ọmọ Abuja.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Ó dákẹ́ mi," ẹ̀gbọ́n mi ní, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ wò. Ó sì tún un sọ, ó dákẹ́ mi, ó dákẹ́ mi, ohùn rẹ̀ ń ga sí i, títí tí n kò fi nílò láti lẹ etí mọ́ fóònù mọ́.